Iye Átọ́ọ̀mù Tí Ó Wà Lára Páànù Òrùlé Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ẹgbẹ́ wa ní ìlú Ọ̀yọ́)

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ìwé sí wa, ó ní kí á mú ọ̀rọ̀ kan wá tí ó jẹ mọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ayé òde òní, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe jẹ́ èyí tí àwọn baba wa yóò máa tòògbé sí. Ẹrù náà wúwo. A rò ó títí, a gbójú sókè níbi tí a jókòó sí, ohun tí a sì rí ni páànù. Páànù náà ni a gbé tọ̀ yín wá ní ọ̀sán yìí.

Ìbéèrè wa kò ju ẹyọ kan lọ. Irin ni páànù. Síǹkì ni aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi wọ irin náà kí òjò má baà bà á jẹ́. Átọ́ọ̀mù síǹkì mélòó ni ó wà nínú aṣọ náà? Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò ní ọkàn rẹ̀ pé ìbéèrè tí kò lérè ni èyí, a bẹ̀ ẹ́ kí ó ní sùúrù díẹ̀. Ẹjọ́ ni ó gbé wa dé ìdí rẹ̀, kì í ṣe eré ilé-ìwé.

Gbọ̀ngàn kan wà tí ó jẹ́ ti ìjọ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwa pẹ̀lú sì wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń tọ́jú rẹ̀. Ní 1985 ni a kọ́kọ́ fi páànù bò ó. Ọmọ ilé-ìwé ni wá nígbà náà, àwa ni a ń pọn omi fún àwọn bíríkìlà. Òrùlé náà kò jo fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, títí ìjì líle kan fi ṣí i ní 2014. Ìgbìmọ̀ dá owó jọ, a sì kọ ìwé fún káfíńtà wa, àgbàlagbà tí ó ti ń bá ìjọ ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, pé kí ó ra páànù tuntun tí ìnípọn rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu, kí ó sì tún gbogbo òrùlé náà kàn. Ó rà á, ó kàn án kí ọdún náà tó parí, ó sì ń kọ mànà nínú oòrùn débi pé àwọn ará àdúgbò ń fi ọwọ́ bojú bí wọ́n bá ń kọjá. Ṣùgbọ́n nígbà òjò kẹjọ, èyí tí í ṣe ti 2022, ìpẹtà pupa ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti ojú ìṣó dé àárín páànù.

Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ owó ìjọ ti máa ń rí. Ìpàdé kan kò tíì parí tí àwọn kan fi ń sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀ pé baba káfíńtà ti jẹ nínú owó náà, pé páànù fẹ́lẹ́ ni ó rà, tí ó sì fi ìyókù sápò. Ọkùnrin náà kò fèsì. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sílé, kò sì yọjú sí ìsìn fún oṣù mẹ́ta. Ní àsìkò yìí ni ẹnìkan rántí pé páànù méjì ṣẹ́kù nínú ti 1985 lórí àjà, wọn kò rí òjò rí. Ẹyọ kan sì kù nínú ti tuntun. A gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wá sí Ọ̀yọ́ níhìn-ín, sí iyàrá ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́, a sì fi wọ́n lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́.

Kí a tó sọ ohun tí wọ́n ṣe, ẹ jẹ́ kí á rántí ohun tí òrùlé jẹ́ fún wa. Ní Ọ̀yọ́ yìí koríko bẹẹrẹ ni a fi ń bo ilé, ìbá à ṣe ti ọba tàbí ti mẹ̀kúnnù. Ọdún Bẹẹrẹ tí à ń ṣe fún Aláàfin kò ṣẹ̀yìn rẹ̀, nítorí koríko náà ni a ń rù wá láti fi tún òrùlé Ààfin ṣe. Ilé koríko tutù ju ilé páànù lọ, a kò níí parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ta iná kan láti ilé ìdáná a máa jó agbo-ilé ní ọ̀sán gangan, koríko a sì máa jẹrà, a ó tún pààrọ̀ rẹ̀. Ní 1829 ni Palmer, ará Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ lórí irin pẹlẹbẹ tí a ká ní kọ́ńkọ̀lọ́-kọ́ńkọ̀lọ́. Ní 1837 Sorel, ará Faransé, gba tirẹ̀ lórí rírì irin bọ inú síǹkì yíyọ́. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ẹrù wíwúwo láti Èkó kò sì tún jẹ́ ti orí alárù nìkan mọ́.

Ní ti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ lọ bi àwọn ìdílé tí baba wọn ṣòwò dé Gold Coast, èyí tí í ṣe Gánà. Èrè ọ̀nà jíjìn náà ni wọ́n fi ń kọ́ ilé páànù sílé, nígbà tí àwọn fúnra wọn ṣì ń háyà iyàrá lẹ́yìn odi. Nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ ni ó padà wálé láìlè kó ọjà wọn. Ilé tí wọ́n ti fi páànù bò ṣáájú ni ó gbà wọ́n. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ta páànù tí kò pẹ́ fún ará ibẹ̀, ogún ọdún iṣẹ́ ni ó lè fi tàn án jẹ.

Ó kù kí á sọ ohun tí átọ́ọ̀mù jẹ́. Bí ẹ bá gé síǹkì sí méjì, tí ẹ gé ìdajì rẹ̀ sí méjì, tí ẹ kò sì dáwọ́ dúró, ẹ ó dé ibì kan tí ó jẹ́ pé bí ẹ bá tún gé e, ohun tí ó kù kì í ṣe síǹkì mọ́. Èérún ìkẹyìn tí ó ṣì ń jẹ́ síǹkì, òun ni átọ́ọ̀mù síǹkì. A mọ̀ pé ènìyàn ti fọ́ átọ́ọ̀mù. Gbogbo ayé gbọ́ ariwo rẹ̀ ní 1945. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fọ́ ti síǹkì kò ní síǹkì lọ́wọ́ mọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó fọ́ ìkòkò ti ń fi ọwọ́ mú àpáàdì.

Báwo ni a ṣe ń ka ohun tí ojú kò rí? Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye hóró àgbàdo tí ó wà nínú àpò kì í jókòó kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Yóò ka igba, yóò wọ̀n ọ́n; yóò wá wọn odindi àpò, òṣùwọ̀n yóò sì sọ ìyókù fún un. Ohun tí ó ṣòro nípa átọ́ọ̀mù ni igba àkọ́kọ́ náà. Perrin, ọ̀mọ̀wé ará Faransé, ni iṣẹ́ rẹ̀ pa àwọn oníyèméjì lẹ́nu mọ́. Ó da èérún oje igi tí ó kúnná jọjọ sínú omi, ó ń fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá kà wọ́n ní ìpele-ìpele, ó sì rí i pé bí ojú òun ti ń gòkè ni wọ́n ń dínkù, gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́lẹ́ fún ẹni tí ń gun òkè gíga. Láti inú bí wọ́n ti ń dínkù ni ó ti ṣírò iye náà ní 1908 àti 1909, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1926. Àwọn mìíràn tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀, títí ó fi di 2019 tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ẹnu kò sí iye kan tí a kò tún yí padà mọ́. Nípa iye náà, gíráàmù 65.4 síǹkì, èyí tí ọmọdé lè dì mọ́wọ́, ní átọ́ọ̀mù 6,022 tí òdo ogún tẹ̀lé.

Pẹ̀lú èyí lọ́wọ́, iṣẹ́ náà kò ju ti ilé ìdáná lọ. A gé páànù kọ̀ọ̀kan ní igun mẹ́rin tí ó dọ́gba, sẹ̀ntímítà 10 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó fẹ̀ díẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbà lọ. A fọ̀ ọ́, a nù ún gbẹ, a gbé e lé òṣùwọ̀n. Lẹ́yìn náà a rì í sínú ásíìdì tí a ti fi omi là (inú omi ni a ń da ásíìdì sí o, a kì í da omi sínú ásíìdì, olùkọ́ tí kò bá kọ́ ọmọ ní èyí kò tíì kọ́ ọ ní nǹkan kan). Síǹkì a máa bá ásíìdì jà kíkankíkan. Ó ń hó, afẹ́fẹ́ háídírójìn ń rú jáde, nítorí náà iná kò gbọdọ̀ sí nítòsí. Nígbà tí síǹkì bá tán, híhó náà yóò rọlẹ̀ lójijì, nítorí ìjà irin kò gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà náà gan-an ni kí á yára yọ ọ́, kí á fọ̀ ọ́, kí á tún un wọ̀n. Ohun tí ó dín ni síǹkì, ti ojú méjèèjì pa pọ̀.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní agogo oúnjẹ lù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sì fi irin sílẹ̀ nínú ásíìdì, wọ́n lọ jẹun. Nígbà tí wọ́n padà dé, ẹ̀já páànù tuntun ti fi gíráàmù 1.9 fúyẹ́, ọ̀kan nínú wọn sì ń yọ̀ pé síǹkì rẹ̀ pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Irin ni ásíìdì ti ń jẹ láti ìgbà tí wọ́n ti ń jẹ ẹ̀bà. A da iṣẹ́ náà nù, a gé ẹ̀já mìíràn, a sì dúró tì í.

Ẹ gbọ́ èsì rẹ̀ báyìí. Ẹ̀já páànù tuntun jẹ́ gíráàmù 38.4 kí ó tó wọ ásíìdì. Ó jáde ní 37.7. Ti àtijọ́ jẹ́ 40.6, ó jáde ní 37.8. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tí ń ṣe ẹjọ́, ẹ kíyèsí àwọn iye ìkẹyìn wọ̀nyí, 37.7 àti 37.8. Irin kan náà ni. Baba káfíńtà ra ìnípọn tí a ní kí ó rà gẹ́lẹ́. Aṣọ ara irin ni ó yàtọ̀: ti àtijọ́ gbé gíráàmù 2.8 síǹkì, ti tuntun gbé 0.7 péré, èyí tí í ṣe ìdá mẹ́rin rẹ̀. Kò sí ọwọ́ káfíńtà tí ó lè mọ ìyàtọ̀ gíráàmù méjì lára páànù nínú ọjà, kò sì sí ojú tí ó lè rí i, nítorí méjèèjì ń dán bákan náà nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn tí ń ṣe páànù ní àmì tí wọ́n fi ń sọ ọ́. Bí wọ́n bá kọ Z275, gíráàmù 275 síǹkì ni ó wà ní ojú méjèèjì páànù tí ó jẹ́ mítà kan níbùú lóròó. Àwa ìgbìmọ̀ kò bèèrè àmì kankan. Géèjì irin nìkan ni a kọ sínú ìwé wa, bí ẹni pé irin ni ó ń dènà òjò.

Gíráàmù ti tó láti fi dá ẹjọ́ náà. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìgbìmọ̀ sì bi wá pé, kí ni a tún ń wá nínú átọ́ọ̀mù? A dáhùn pé òjò kì í gbé síǹkì lọ ní gíráàmù-gíráàmù. Ní ìpele-ìpele ni ó ń bó o, àwa sì fẹ́ mọ ìpele mélòó ni ó wà láàrin orí wa àti òjò.

Nítorí náà a ṣírò. Gíráàmù 0.7 fún ojú méjì jẹ́ 0.35 fún ojú kan. 0.35 lọ́nà 6,022, tí a bá pín in sí 65.4, jẹ́ 32 àti díẹ̀. Ẹ wá dá òdo ogún náà padà sí ẹ̀yìn rẹ̀: 3,200,000,000,000,000,000,000. Èyí ni iye átọ́ọ̀mù síǹkì tí ó wà ní ojú kan ẹ̀já páànù tuntun tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ ọ́ sára pátákó dúró, ó ń wò ó. A ní kí ó kà á jáde. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀, ó kọsẹ̀ lẹ́yìn bílíọ̀nù. Ẹnìkejì rẹ̀ dìde, ó sì sọ pẹ̀lú ẹ̀rín pé kò sí orúkọ fún irú iye bẹ́ẹ̀ ní èdè Yorùbá. Àwọn tí yóò lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n o! Ọ̀rọ̀ náà dùn wá ju ti páànù lọ, a sì pa ásíìdì tì fún odindi wákàtí kan.

A rán wọn létí bí àwọn ìyá ńlá wa ti ń ka owó ẹyọ. Ogójì ni a ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, ẹrù tí ọkùnrin yóò rù kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Mann, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ará Jámánì tí ó ti gbé Ìjàyè, kọ nípa ìṣirò wa yìí ní 1887, ẹnu sì yà á bí a ti ń fi àròpọ̀ àti àyọkúrò kọ́ iye lé orí iye. Àlùfáà Samuel Johnson tí ó ṣe olùṣọ́-àgùntàn ní ìlú Ọ̀yọ́ yìí tò ó sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000. Ọ̀kẹ́ lọ́nà ọ̀kẹ́ jẹ́ 400,000,000. Ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ọ̀kẹ́ fi pé márùn-ún: méjì lọ́nà méjì, lọ́nà méjì, lọ́nà méjì, lọ́nà méjì jẹ́ 32, òdo mẹ́rin-mẹ́rin níbi márùn-ún jẹ́ òdo ogún. Iye tí ó wà lára pátákó nìyẹn láìku ẹyọ kan: ọ̀kẹ́ tí a fi ọ̀kẹ́ sọ di púpọ̀ títí ó fi di márùn-ún. Gbogbo kíláàsì pariwo.

Nígbà tí a tún yẹ̀ ẹ́ wò, ó tilẹ̀ dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá to átọ́ọ̀mù síǹkì ní ẹsẹẹsẹ, sẹ̀ntímítà kan yóò gba bí 40,000,000, èyí tí í ṣe ọ̀kẹ́ lọ́nà ẹgbàá. (A mú un láti inú ìwúwo síǹkì, nítorí ìwọ̀n sẹ̀ntímítà kan níbùú, lóròó àti ní gíga rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 7.14. Síǹkì kì í to átọ́ọ̀mù rẹ̀ bí bíríkì ní tòótọ́, ní igun mẹ́fà ni ó ń tò wọ́n. Ṣùgbọ́n ìṣirò bíríkì kò jìnnà sí i.) Sẹ̀ntímítà mẹ́wàá ìhà kan páànù wa yóò wá gba ọ̀kẹ́ lọ́nà ọ̀kẹ́. Ìhà kejì, ọ̀kẹ́ lọ́nà ọ̀kẹ́. Ìnípọn aṣọ síǹkì náà sì jẹ́ apá bí márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún apá mìlímítà kan, irun orí kan nípọn tó o lọ́nà mẹ́wàá. Bí a bá ka átọ́ọ̀mù rẹ̀ láti òkè dé ibi tí irin ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀kẹ́ kan ni. Ọ̀kẹ́ méjì ní gígùn, ọ̀kẹ́ méjì ní fífẹ̀, ọ̀kẹ́ kan ní jíjìn: ọ̀kẹ́ márùn-ún tí ó sọ ara wọn di púpọ̀ pé.

A kò wí pé àwọn baba wa ti mọ átọ́ọ̀mù kí Òyìnbó tó dé. Ẹni tí ó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ ń purọ́ mọ́ wọn, wọn kò sì nílò irọ́ wa. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀já mìíràn ni a gé, iye rẹ̀ ì bá má ṣe bọ́ sí ọ̀kẹ́ rẹ́gírẹ́gí báyìí. Ohun tí a rí ni pé àtẹ̀gùn tí wọ́n kàn sílẹ̀ gùn dé ibi tí a ń lọ, àwa ni a kò gùn ún. Ní 1970 Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà kò sì kẹ́yìn àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. A mọ̀ bí a ti ń kọ́ wọn lónìí, nítorí àwa gan-an wà nínú àwọn tí ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí orí òrùlé. Ọ̀kẹ́ kan ìpele síǹkì, tí ó tán ní òjò mẹ́jọ, túmọ̀ sí 2,500 ìpele lọ́dún. Bí ẹ bá pín in fún ọjọ́ ọdún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìpele átọ́ọ̀mù méje lójoojúmọ́. Kì í lọ déédéé bẹ́ẹ̀, a mọ̀. Ìgbà òjò ni ó ń lọ jù, ibi tí aṣọ rẹ̀ bá ti fẹ́lẹ́ ni ìpẹtà sì ti ń kọ́kọ́ yọ. Ìwé ìlànà àgbáyé tí a ń pè ní ISO 9223 sọ pé ní ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti burú púpọ̀, tí kò sì sí iyọ̀ òkun, síǹkì a máa fi láàrin 0.1 àti 0.7 nínú ẹgbẹ̀rún apá mìlímítà dínkù lọ́dún. Tiwa jẹ́ 0.6, Ògbómọ̀ṣọ́ kò sì ṣe ohun tí ìlú mìíràn kò ṣe. Ní etí òkun ní Èkó ì bá ti yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti àtijọ́ tí ó ní ọ̀kẹ́ mẹ́rin ìpele yóò wá gba ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kí ó tó tán. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ó lò tí ìjì fi gbé e, ojú ìṣó nìkan ni ó sì ti pọ́n.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa síǹkì. Kì í ṣe pé ó kàn bo irin bí ọ̀dà ti ń bo pákó. Bí ìṣó bá ha páànù tí irin sì hàn síta, síǹkì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni yóò máa jẹ ìyà náà dípò irin, títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Ìdí nìyí tí ojú ihò ìṣó kì í fi í pọ́n ní ọjọ́ kejì. Ní ti páànù ayé ìsinsìnyí tí a fi alumíníọ̀mù àti síǹkì pò pọ̀ bò, ìṣirò tí a ṣe níhìn-ín kò bá a mu bí ó ti wà, nítorí átọ́ọ̀mù oríṣi méjì ni ó wà nínú aṣọ rẹ̀. Ti alumíníọ̀mù gbáko kò sì ní aṣọ rárá.

A kó àwọn irin tí a ti bọ́ láṣọ náà padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, a sì gbé wọn sórí tábìlì ìgbìmọ̀. Wọ́n ń gbé wọn láti ọwọ́ dé ọwọ́. Kò sí ẹni tí ó lè sọ èyí tí í ṣe ti 1985. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni àwa àgbà mẹ́rin lọ sí ilé baba káfíńtà, a dọ̀bálẹ̀ fún un, a sì rò fún un bí ó ti rí. Ó tẹ́tí sí wa títí a fi parí. Ó wá bi wá pé, “Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, kí ni ẹ kọ sínú ìwé tí ẹ fi rán mi?” A kò rí èsì fọ̀ fún un, nítorí ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ wa ni a sì fi kọ ọ́.

Ní oṣù tí ó kọjá ìgbìmọ̀ tún kọ ìwé mìíràn. Géèjì irin wà nínú rẹ̀, lábẹ́ rẹ̀ ni a sì kọ gíráàmù síǹkì tí a ń fẹ́ fún mítà kan níbùú lóròó, ojú méjèèjì, kí ó má ṣe dín ní 275. Baba káfíńtà ní kí á kà á sí òun létí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun kò níí san kọ́bọ̀ fún oníṣòwò kankan títí yóò fi fún òun ní ẹ̀já kan tí a ó wọ̀n. Ẹ̀já náà dé ọ̀dọ̀ wa ní Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ Ẹtì. Ó wà lọ́wọ́ wa yìí, sẹ̀ntímítà mẹ́wàá ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ Ajé ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò rì í. Ẹ gbà á, ẹ̀yin baba wa, kí ẹ gbé e yí ká, kí olúkúlùkù fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n wò, kí ó sì sọ fún wa bóyá ọ̀kẹ́ kan ni, tàbí ọ̀kẹ́ mẹ́rin.